Gígun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́ lásìkò òjò: bíréèkì iwájú, afẹ́fẹ́ táyà, ká dúró tàbí ká máa lọ?

Nọ́ọ̀sì Wàńdò (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú òjò o, gbogbo ilé.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, lápá Wàńdò, ṣùgbọ́n Kútọnu ni ilé ìwòsàn wa wà. Alùpùpù ni mo máa ń gùn lọ, òun náà ni mo máa ń gùn bọ̀. Ọ̀nà náà tó bíi 30 kìlómítà ní àlọ nìkan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní mi lára. Ìgbà òjò ló ń já mi láyà. Ẹ sì mọ bí tiwa ṣe rí níbí: tí òjò ńlá bá ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin, ó di oṣù keje kó tó sinmi, a ò sì ní tíì gbádùn oṣù kẹjọ tán tí òjò kékeré á tún fi dé lóṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá rèé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní tí ilẹ̀ bá ti tutù, n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bíréèkì iwájú rárá, tẹ̀yìn nìkan ni kí n máa tẹ̀. Ó tún ní kí n jo afẹ́fẹ́ táyà dànù díẹ̀ kó lè di ilẹ̀ mú. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní irọ́ ni, pé kí n fún táyà ní afẹ́fẹ́ sí i ni. Ẹlòmíràn ní kí n ṣáà máa sáré kọjá kí òjò tó le. Mo ti bi èèyàn púpọ̀, ìdáhùn wọn ò bára mu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gùn ún lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ ò lè sọ pé nítorí òjò ẹ ò ní lọ síbi iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe gan-an? Ẹ dárúkọ ibi tó burú lójú ọ̀nà náà pẹ̀lú, kí n mọ̀ bóyá ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí lẹ̀rù ti ń ba ẹ̀yin náà.

Bàbá Zém (Àjàṣẹ́)

Ẹ ǹlẹ́ o, àǹtí nọ́ọ̀sì. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lálọ lábọ̀.

Zémidjan ni mí, ọlọ́kadà tó ń fi alùpùpù gbé èrò, mo sì ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo ẹ̀ lọ ni pé kì í ṣe òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ló ń gbé èèyàn ṣubú jù. Òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán ni. Láti ọjọ́ tí òjò ti rọ̀ gbẹ̀yìn, gbogbo ọ́ìlì tí ọkọ̀ ń jò, epo kpayo (bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí ọ̀nà) tó ń dà sílẹ̀, erùpẹ̀, àti rọ́bà tí táyà ń họ sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Tí omi díẹ̀ bá kàn wọ́n, ọ́ìlì á léfòó, erùpẹ̀ á pò mọ́ ọn, títì á wá máa yọ̀ bí ọṣẹ. Ó dìgbà tí òjò bá rọ̀ dáadáa tó fọ ìdọ̀tí yẹn lọ kí ọ̀dà tó tún ṣe é fọkàn tán díẹ̀. Nítorí náà, tí mo bá ti rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán, mo máa ń yà sábẹ́ òrùlé, ìṣẹ́jú 15 sí 20, ó tó. Lẹ́yìn ìyẹn, bó ṣì ń rọ̀ bí kò rọ̀, mo lè máa lọ jẹ́jẹ́.

Ní ti ibi tó burú, ẹ wo àárín títì níbi gbogbo tí ọkọ̀ ńlá ti máa ń dúró: kárífọ̀ (oríta), ìdí iná tó ń darí ọkọ̀, ẹnu ibodè. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń kán sí jù. Ẹ má fi táyà tọ àárín gan-an, ojú ibi tí táyà mọ́tò ń tẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bá lọ. Ẹ sì ṣọ́ra níwájú àwọn tó ń ta kpayo létí ọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti ń dà á láti inú ìgò sínú táńkì, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, ibẹ̀ náà ni oníkálùkù sì ti ń fẹ́ yà lójijì.

Àwọn ìlà funfun tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sójú títì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí kọ́nà. Irin tí wọ́n fi bo kòtò náà ńkọ́? Bákan náà. Ẹ jẹ́ kí alùpùpù dúró ṣánṣán kẹ́ ẹ tó gun orí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì, ẹ má sì fún un níná lórí ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tẹ́ pavé (òkúta títẹ́) nínú Àjàṣẹ́, ẹ wo abẹ́ igi àti ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn kì í dé: èéhù ti hù síbẹ̀, ẹ ò ní rí i àfi tẹ́ ẹ bá gùn ún.

Lórí afárá ọ̀sà, atẹ́gùn ló máa ń gba èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jìnnà sí ọkọ̀ ńlá níbẹ̀. Tí ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó gba atẹ́gùn yẹn dúró fún yín. Bó bá ti kọjá báyìí, atẹ́gùn á bù yín lójijì.

Òṣìṣẹ́ Sẹ̀mẹ̀ (Àjàṣẹ́)

Bàbá, ẹ ṣé púpọ̀. Òótọ́ lẹ sọ nípa òjò àkọ́kọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Sẹ̀mẹ̀ ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ti géètì, owó ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Ọ̀gá ò ní bi ẹ́ bóyá òjò rọ̀. Ìṣẹ́jú 20 tẹ́ ẹ ní ká fi dúró, lọ́wọ́ wa owó oúnjẹ ọmọ ni. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí wa tí à ń sáré nínú òjò. Kì í ṣe pé a ò bẹ̀rù ikú.

Bàbá Zém (Àjàṣẹ́)

Ọmọ mi, mo gbọ́ ẹ. N ò dá ẹ lẹ́bi. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ń ti géètì náà ń wá síbi iṣẹ́ nínú mọ́tò.

Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi náà. Láti Àjàṣẹ́ dé Sẹ̀mẹ̀, kò pọ̀. Tó o bá sáré gan-an, ìṣẹ́jú mélòó lo máa jèrè? Mẹ́rin, bóyá márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, orí ibùsùn ni kó o ti mú un, má ṣe lọ mú un lójú títì. Tó o bá fẹ́ sùn lálẹ́, jáde, wojú ọ̀run. Tí mànàmáná bá ń kọ lápá ìlà oòrùn, tàbí tí ooru mú ju bó ṣe yẹ lọ, tètè jí. Kó aṣọ òjò sórí àga kó o tó sùn. Ẹni tó ti wọ aṣọ òjò láti ilé ò ní í máa sáré nítorí kí ara má tutù. Mo ti rí i pé ara tó ń tutù náà wà lára ohun tó ń mú ọmọkùnrin tẹ iná.

Mẹkáníìkì Tọkpọtá (Àjàṣẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ bíréèkì, torí iṣẹ́ mi ni.

Àǹtí nọ́ọ̀sì, lórí títì ọlọ́dà, ẹ máa lo bíréèkì iwájú. Ẹ lò ó nínú òjò, ẹ lò ó nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí alùpùpù bá ń sáré tẹ́ ẹ wá ń dá a dúró, gbogbo ìwúwo ló ń sún síwájú. Ẹ wo fọ́ọ̀kì iwájú nígbà míì tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ máa rí i tó ń rì wọlẹ̀. Ìwúwo yẹn ló ń tẹ táyà iwájú mọ́lẹ̀ tó fi ń di títì mú. Lákòókò kan náà, táyà ẹ̀yìn ti ń fúyẹ́. Tó bá jẹ́ tẹ̀yìn nìkan lẹ tẹ̀, ẹ máa rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó dúró. Tẹ́ ẹ bá sì wá tẹ̀ ẹ́ le nítorí pé ẹ̀rù bà yín, táyà ẹ̀yìn á dá yíyí dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tó ń gbé èèyàn ṣubú ni gbígbá a mú lójijì. Ẹ rọra fà á, ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀kì kọ́kọ́ rì díẹ̀, ẹ wá fà á sí i. Ẹ tẹ tẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀, jẹ́jẹ́. Alùpùpù gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, ọwọ́ gbọ́dọ̀ tọ́. Ẹ ṣe gbogbo bíréèkì yín tán kẹ́ ẹ tó wọ kọ́nà. Ẹ tún fi àyè sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti ọkọ̀ iwájú, ìlọ́po méjì èyí tẹ́ ẹ ń fi sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wá ibi gbalasa kan lọ́jọ́ ìsinmi tí òjò bá rọ̀ tán, kẹ́ ẹ fi eré díẹ̀ kọ́ ọwọ́ yín, títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n láìronú.

Tó bá jẹ́ bíréèkì onílù ni tiyín, bó ṣe wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù tá à ń gùn níbí, omi lè wọ inú ẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti la omi kọjá, bíréèkì náà ò ní mú mọ́. Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ti ń lọ, ooru rẹ̀ á gbẹ omi náà, ẹ máa mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ pé ó ti padà.

Táyà wá. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín, ẹ máa rí lẹ́tà TWI tàbí àmì onígun mẹ́ta kékeré. Ẹ tọ àmì yẹn lọ sí ojú táyà, nínú kòtò tó wà láàárín eyín ẹ̀, ẹ máa rí rọ́bà kékeré kan tó yọ gọngọ. Nígbà tí eyín táyà bá ti jẹ títí tó fi dọ́gba pẹ̀lú gọngọ yẹn, táyà ti tán, ẹ má fi gun òjò. Kòtò yẹn ni omi ń gbà jáde lábẹ́ táyà. Tí kò bá sí kòtò mọ́, orí omi ni táyà ń gùn, kò kan ọ̀dà.

Ẹ tún wo òǹkà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà DOT. Tẹ́ ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Mo ń sọ èyí nítorí táyà àlòkù tí wọ́n ń tà fún wa. Eyín ẹ̀ lè ga, kó máa dán, ṣùgbọ́n rọ́bà ẹ̀ ti gan. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Tí èékánná ò bá wọlé rárá, táyà yẹn ò ní di títì tútù mú.

Nípa afẹ́fẹ́, ẹ má jò ó, ẹ má sì fi kún un ju bí ìwé alùpùpù ṣe wí lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré, àárín táyà á rì wọnú, eyín á fún pọ̀, kòtò á dí, omi ò wá ní ríbi gbà. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó gùn ún, nígbà tí táyà ò tíì gbóná.

Tíṣà Kábùà (Ṣábẹ)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣábẹ ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, Ṣábẹ ni mo sì ti ń lọ sí apá Kábùà lójoojúmọ́ tí iléèwé bá wọlé.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló tọ̀nà fún ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwa kì í ṣe ọ̀dà. Tí èèyàn bá ti kúrò lójú títì ńlá tó ń lọ sí Parakou, ilẹ̀ pupa ni. Lórí ẹrẹ̀ pupa, ẹni tó bá fa bíréèkì iwájú bí wọ́n ṣe wí yẹn, ilẹ̀ ló máa bá ara ẹ̀. Ẹrẹ̀ á dí eyín táyà pa, táyà iwájú ò sì ní nǹkan tó máa dì mú. Nínú ẹrẹ̀, mo máa ń fi ẹ́ńjìnnì dá a dúró, màá wà nínú jíà kejì, màá dẹwọ́ iná díẹ̀díẹ̀, màá fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́rẹ́. Ti iwájú, bóyá ìka kan, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dúró.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti afẹ́fẹ́. Àwa tí à ń gun ẹrẹ̀ máa ń dín in kù díẹ̀ kí táyà lè fẹ̀ lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ bọ́ sórí ọ̀dà, mo máa ń fún un padà.

Tí mọ́tò bá ti la ojú ọ̀nà sí poro, ẹ yan poro kan, ẹ dúró nínú ẹ̀. Ẹni tó ń fò láti poro sí poro, orí òkìtì àárín yẹn ló ń ṣubú sí. Ojú yín ò gbọdọ̀ máa wo táyà. Ibi tẹ́ ẹ ń lọ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ jẹ́ kí iná dọ́gba, má tẹ̀ ẹ́ má dẹ̀ ẹ́.

Odò kékeré tó máa ń gba orí ọ̀nà kọjá lẹ́yìn òjò ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Lọ́dọ̀ wa níbí, omi máa ń ti orí òkè àpáta wá. Òkúta kì í mu omi, nítorí náà òjò tó rọ̀ lórí òkè, kíá ló ti dé ìsàlẹ̀. Ẹ lè dé ibẹ̀ kẹ́ ẹ rí omi, òjò sì ti dá lọ́dọ̀ tiyín. Ẹ má wọ̀ ọ́ nítorí pé ẹlòmíràn wọ̀ ọ́. Ẹ dúró, ẹ gé igi, ẹ fi wọn omi, ẹ wo bó ṣe ń sáré. Omi tó ń sáré tó dé orúnkún, ó lè gba alùpùpù lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ ní sùúrù, irú omi bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó fà. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iléèwé mi pé tíṣà tó pẹ́ dé sàn ju tíṣà tí kò dé lọ, ọ̀gá àgbà wa náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì Tọkpọtá (Àjàṣẹ́)

Tíṣà, ẹ ṣé gan-an. Ẹ ti tú kókó ọ̀rọ̀ yìí fún wa. Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n yín: níbo ló ti kọ́ alùpùpù?

Nọ́ọ̀sì Wàńdò (Àjàṣẹ́)

Kétu ni o! Oko ni wọ́n ń lọ, lápá Idigny, ilẹ̀ pupa ni gbogbo ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n. Wọ́n ní ọ̀dà ò tíì pọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, pé bí bàbá wa ṣe kọ́ wọn ni wọ́n ṣe ń kọ́ mi. Ó ti wá yé mi. Ìmọ̀ràn wọn dáa fún ọ̀nà tiwọn, ọ̀nà tèmi ni kì í ṣe irú ẹ̀.

Mẹkáníìkì Tọkpọtá (Àjàṣẹ́)

Ohun tí mò ń bá pàdé lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹni tó ti oko wá ń gun ọ̀dà bí ẹrẹ̀, ọmọ ìlú sì ń gun ẹrẹ̀ bí ọ̀dà nígbà tó bá lọ sí ìnáwó lábúlé. Ẹni tí ọ̀nà ẹ̀ pa méjèèjì pọ̀, tó ń ti inú von (ọ̀nà àdúgbò tí kò lọ́dà) ẹlẹ́rẹ̀ bọ́ sórí títì, kó dúró ní ẹnu títì, kó fẹsẹ̀ ha ẹrẹ̀ kúrò lára táyà. Kó rọra lọ ní ìwọ̀n mítà díẹ̀ kí ìyókù fi já. Àárín ìgbà tí táyà ṣì gbé ẹrẹ̀ dání tó sì ti wà lórí ọ̀dà tútù, ibẹ̀ ni ewu wà jù.

Ìyá Ẹlẹ́kọ (Kétu)

Ẹ kú àfiyèsí, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń wa alùpùpù. Ta ni yóò sọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n gbé sẹ́yìn?

N ò ní alùpùpù. Zém ló ń gbé mi lọ sọ́jà, ló ń gbé mi bọ̀, pẹ̀lú igbá ẹ̀kọ mi. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí obìnrin tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tó tún ṣí agbòòrùn lórí alùpùpù. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Atẹ́gùn á fa agbòòrùn, agbòòrùn á fa ọwọ́ yín, ọwọ́ yín á fa ẹni tó ń wà á. Ó sì tún ń dí i lójú.

Ìró náà ńkọ́. Tí ìró bá tutù, ó máa ń wúwo, ó máa ń wọ́ sílẹ̀. Etí ẹ̀ ló máa ń wọ inú ṣẹ́ẹ̀nì tàbí sàárín wáyà táyà. Ojú mi ni ìró ọmọ àdúgbò mi kan ṣe wé mọ́ táyà ẹ̀yìn nítòsí ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdènà. Ọlọ́run ló yọ ọ́, zém náà ò sáré. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó gun alùpùpù, mo máa ń kó etí ìró mi jọ, màá fi há abẹ́ itan, màá sì fi okùn so ó lókè orúnkún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ aṣọ òjò ńlá tó ní okùn lẹ́yìn náà, ẹ so ó. Aṣọ òjò ẹlẹ́wù-àti-ṣòkòtò dára ju èyí tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ.

Ẹ̀yin zém, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọmọ kékeré síwájú lórí táńkì nínú òjò. Ẹ sì jẹ́ ká sọ fún yín pé "ẹ rọra" láìbínú sí wa.

Bàbá Zém (Àjàṣẹ́)

Ìyá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ẹ tiẹ̀ máa pàṣẹ fún wa. Ẹni tó bá bínú nítorí "rọra", ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Màá fi kún un pé tí èrò bá wà lẹ́yìn, alùpùpù á gba àyè púpọ̀ sí i kó tó dúró. Mo máa ń sọ fún èrò mi pé kí wọ́n sún mọ́ mi, kí wọ́n di ẹ̀gbẹ́ mi mú, kí wọ́n má ṣe yí ara padà tí mo bá ń yí kọ́nà.

Ọmọ Àkàbà (Kétu)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn alùpùpù mi ń ṣe dáadáa. Tí òjò bá ti rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ̀, á máa fà sẹ́yìn, nígbà míì á kú láàárín títì tí ọkọ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ti pààrọ̀ bùjí (plọ́ọ̀gì), kò dá. Kí ló fà á?

Mẹkáníìkì Tọkpọtá (Àjàṣẹ́)

Àbúrò, ohun méjì ló sábà máa ń fa ìyẹn. Irú epo wo lò ń rà?

Ọmọ Àkàbà (Kétu)

Kpayo ni, ẹ̀gbọ́n. Etí ọ̀nà níbí.

Mẹkáníìkì Tọkpọtá (Àjàṣẹ́)

Mo fura bẹ́ẹ̀. Inú kẹ́ẹ̀gì ló ti ń wá, inú ìgò ló ń jókòó sí létí ọ̀nà, òjò ń rọ̀ lé e lórí, ìdérí ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Omi ń wọ inú ẹ̀. Omi wúwo ju epo bẹntiróòlù lọ, kì í sì í pò mọ́ ọn. Ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sí: ìsàlẹ̀ ìgò, ìsàlẹ̀ táńkì, àti ìsàlẹ̀ agolo kékeré tó wà lábẹ́ kabúrétọ̀. Nígbà tó bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á fa omi dípò epo, á kọ́ṣẹ̀, á kú.

Ohun tó o máa ṣe nìyí. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kúrò nítòsí iná àti sìgá. Ti ẹnu epo tó wà lábẹ́ táńkì. Wo ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, wàá rí síkúrúù kékeré kan àti ọ̀pá rọ́bà tínrín tó sọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Fi ìgò funfun tó mọ́ gba ẹnu rọ́bà náà, kó o tú síkúrúù náà díẹ̀, má yọ ọ́ tán. Epo tó wà nínú agolo á dà sínú ìgò. Dì í padà. Gbé ìgò náà sókè sí ojú mọ́mọ́, dúró díẹ̀, wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Tí omi bá wà níbẹ̀, wàá rí i kedere: ó máa ń ṣù jọ, ó máa ń yí gbiri gbiri nísàlẹ̀ nígbà tó o bá mi ìgò, epo aláwọ̀ á wà lókè ẹ̀. Tó o bá rí i, táńkì náà nílò kí wọ́n tú u dà kí wọ́n nù ún gbẹ.

Láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹni tó ń tà á tó dà á sí táńkì rẹ, wo ìdí ìgò náà. Tí nǹkan kan bá pín in sí méjì, kọ̀ ọ́. Bó o bá lè ra epo ní ilé epo lásìkò òjò, rà á níbẹ̀. Wo rọ́bà tó wà lábẹ́ ìdérí táńkì rẹ náà. Tó bá ti gan tàbí tó ti ya, òjò ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ohun kejì ni fìlà rọ́bà tó bo bùjí, èyí tó so mọ́ wáyà. O ní o ti pààrọ̀ bùjí, ṣé o pààrọ̀ fìlà ẹ̀? Tó bá ti sán, omi á wọ ibẹ̀, iná á gba ara omi lọ sára irin dípò kó lọ sẹ́nu bùjí. Ra tuntun. Tó bá kú lójú ọ̀nà, fi aṣọ gbígbẹ nu fìlà náà nínú lóde, kó o tún gbìyànjú.

Àfi tó bá jẹ́ pé o wọ omi jíjìn tó sì kú sínú ẹ̀. Nígbà yẹn, má ta á! Omi lè ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. Omi kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, ó lè tẹ irin inú ẹ̀. Tì í jáde, yọ bùjí, kó o tó ta á kí omi lè gba ihò bùjí jáde. Wo àsẹ́ atẹ́gùn, wo ọ́ìlì. Tí ọ́ìlì bá ti funfun bíi pé wọ́n da mílíìkì sí i, pààrọ̀ ẹ̀ kó o tó lọ síbikíbi.

Ọmọ Àkàbà (Kétu)

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe é láàárọ̀ yìí. Omi wà nísàlẹ̀ ìgò, ó nípọn tó ìka kan. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Fìlà bùjí náà ti sán.

Ìbéèrè kan kù. Wọ́n ní ẹni tó wà lórí alùpùpù, mànàmáná ò lè ṣe nǹkan kan fún un nítorí pé rọ́bà ni táyà. Ṣé òótọ́ ni?

Tíṣà Kábùà (Ṣábẹ)

Kì í ṣe òótọ́ rárá, àbúrò mi. Mànàmáná tó ti la gbogbo ojú sánmà kọjá wá, rọ́bà táyà tín-ín-rín ò lè dá a dúró. Ẹni tó wà nínú mọ́tò ní ààbò nítorí pé irin yí i ká, iná á gba ara irin náà lọ sílẹ̀. Alùpùpù ò ní irin tó yí ẹnikẹ́ni ká. Tí ààrá bá ti ń sán nítòsí, wá inú ilé wọ̀. Má dúró sábẹ́ igi kan ṣoṣo tó ga lójú pápá, bó ti wù kí ewé ẹ̀ bo òjò tó. Má sì dúró lórí àpáta.

Nọ́ọ̀sì Wàńdò (Àjàṣẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi san oore tẹ́ ẹ ṣe mí.

Ẹ fi kásìkì dé orí, kẹ́ ẹ sì di okùn ẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Èyí tí wọn ò di okùn ẹ̀, ó máa ń fò kúrò kí orí tó kanlẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ gbé sẹ́yìn náà nílò tiẹ̀.

Tí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ kọ́kọ́ dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró, ẹ wá pe 118, àwọn panápaná. Tí kò bá lè dìde fúnra ẹ̀, tàbí tó ń sọ pé ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, ẹ má gbé e dìde, ẹ má já kásìkì kúrò lórí ẹ̀ tó bá ń mí dáadáa. Tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má sì tú u wò lóòrèkóòrè.

Ẹ má fojú kéré ọgbẹ́ tí ẹrẹ̀ wọ̀ o. Mo ti rí èèyàn tó bó lẹ́sẹ̀ lásán, tó rẹ́rìn-ín, tó gun alùpùpù ẹ̀ lọ, tó wá padà wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú gbọ̀ọ̀gbọ̀ọ̀. Omi tó mọ́ àti ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fọ gbogbo iyanrìn jáde, kẹ́ ẹ wá lọ bi wọ́n ní ilé ìwòsàn bóyá ẹ nílò abẹ́rẹ́ àrùn ipá. Ẹ má da epo sí i, ẹ má da eérú sí i.

Mo ti wo táyà mi. Ti ẹ̀yìn ti dọ́gba pẹ̀lú gọngọ yẹn. Màá pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Òṣìṣẹ́ Sẹ̀mẹ̀ (Àjàṣẹ́)

Mo ti ń tètè jí. Mo sì ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́, a fẹ́ jọ lọ bá ọ̀gá pé kó fún wa ní àyè díẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Bó bá gbà, màá padà wá sọ.

Bàbá Zém, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gùn ún títí di alẹ́, báwo lẹ ṣe ń ríran? Ojú kásìkì mi máa ń kún fún ooru ẹnu, tí mo bá sì ṣí i, òjò á máa gba mi lójú bí ẹni ń sọ òkò.

Bàbá Zém (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣe é, ẹ lọ bá a pọ̀. Ẹnu púpọ̀ ni ọ̀gá ń gbọ́.

Ní ti ojú kásìkì, kán ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, ẹ̀kán kan péré, sí inú ẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Fi aṣọ rírọ̀ kùn ún yíká, kó o máa nù ún títí wàá fi ríran kedere, má fi omi ṣàn án. Ooru ẹnu ò ní mú un fún ìgbà díẹ̀. Tó o bá dúró nídìí iná, ṣí i fẹ́rẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Tó o bá gbéra, pa á dé. Má lo èyí tó dúdú láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́ tójò ṣú. Tan iná iwájú rẹ pẹ̀lú, ọ̀sán tàbí òru, torí nínú òjò, ìwọ lo fẹ́ kí wọ́n rí. Tí ojú kásìkì náà bá sì ti ha yánnayànna, pààrọ̀ ẹ̀. Iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ á fọ́n ká sórí gbogbo ibi tó ti ha yẹn, o ò sì ní mọ ibi tí títì parí sí.